Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Fi Ọ̀sẹ̀ Kan Ba Orin, Adágún àti Ìbò Jẹ́

Ìlànà yìí kì í ṣe ti ọlọ́gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n tó bá ṣèèṣì rí i, kó yára kọjá, kó lọ bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ìwọ sùẹ̀gbẹ̀ tó ń gbé ìlú Ọba, tó dá ọ lójú pé bí o ò bá sí níbẹ̀ àdúgbò ò lè dá nǹkan kan ṣe, ìwọ ni mò ń bá wí. Fà mọ́ra, kí o gbọ́.

Kọ́kọ́ yan ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru tí mo mọ̀ ní Britain, kò sí èyí tó dùn fún òmùgọ̀ tó èyí tó parí sí ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 2024, ọjọ́ ìbò gbogbogbòò. Rishi Sunak, olórí ìjọba nígbà náà, ti dúró nínú òjò ní Downing Street lọ́jọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún, láìgbé agbòjò, ó ní ìbò dé. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹnì kan ń fi gbohùngbohùn yí orin tí ẹgbẹ́ Labour fi polongo ní 1997 láti ẹnu géètì, orin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn olórí ìjọba mọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ló ti yẹ kí o mọ̀ pé orin, omi àti ìbò máa pàdé lọ́dún yẹn.

Nígbà tí wọ́n bá ní ta ló máa ṣètò orin ní páàkì, na ọwọ́ kan sókè. Ta ló máa tún adágún inú ọgbà àdúgbò ṣe? Na ìkejì. Ta ló máa ṣiṣẹ́ ìbò? Ọwọ́ ti tán lára rẹ, àmọ́ ẹnu wà, kígbe. Má bèèrè ẹni tó ṣe é lọ́dún tó kọjá. Onítọ̀hún lè mọ nǹkan kan, ìmọ̀ sì máa ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ lórí orin, torí òun ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Kó àwọn akọrin jọ fún ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì fi gbogbo àsìkò náà jiyàn lórí àwọ̀ aṣọ. Fi ayẹyẹ náà sí ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹfà, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Má wo ìwé ìròyìn o. Bí o bá wò ó, wàá rí i pé aago márùn-ún gan-an ni England máa bá Slovakia gbá bọ́ọ̀lù ní Gelsenkirchen nínú ìdíje Euro, ìyẹn á sì dà ọ́ láàmú lásán. Ní aago márùn-ún, ìwọ, àwọn akọrin, àti ìyá àgbà kan tí ajá rẹ̀ kò mọ nǹkan nípa bọ́ọ̀lù ni yóò wà ní páàkì. Ẹ kọrin lọ. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kí aago méje lù, ní ìṣẹ́jú karùndínlọ́gọ́rùn-ún eré, Jude Bellingham yóò ta tàkìtì, yóò gbá bọ́ọ̀lù gba orí ara rẹ̀ sínú àwọ̀n, gbogbo ilé tó yí páàkì ká yóò sì ké lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹrí ba fún wọn. Kò ní pẹ́ tí Harry Kane yóò tún mú kí wọ́n ké, kí o tún tẹrí ba. Lọ́jọ́ náà, kò sí ariwo mìíràn tí wọ́n máa pa fún ọ.

Ní ti ìwé àṣẹ, òfin gbà kí ènìyàn lu ìlù, kó fun fèrè, kó kọrin láàrin aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mọ́kànlá alẹ́ láìgba láísẹ́ǹsì, bí kò bá ti fi ẹ̀rọ gbé ohùn náà sókè. Ìwọ gbé ẹ̀rọ wá. Gbé méjì. Pẹ̀lú ẹ̀rọ ní gbangba páàkì, ó lè di dandan kí o fi ìwé tó káńsù létí ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí o dé ọ́fíìsì wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ayẹyẹ, ní aago mẹ́rin ààbọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́.

Wá alùgángan kan. London ò ṣaláìní wọn, Peckham nìkan tó ọ. Fi í sí àárín àwọn òyìnbó afunfèrè idẹ láìjẹ́ kí ọ̀gá orin gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá orin á rò pé ariwo lásán ni. Kò mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, pé ó ti kí olùdíje tó ń kọjá lọ, ó ti bi í léèrè ilé bàbá rẹ̀, ó sì ti ń tọrọ owó. Bí olùdíje bá tọwọ́ bàpò, kí inú rẹ dùn, kí o ya fọ́tò rẹ̀. Ní 1883 ni wọ́n ti ṣòfin ní Britain pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó báǹdì, àsíá tàbí ògùṣọ̀ láti fi polongo ìbò. Ẹ ò rí i pé àwọn náà ti ṣe òwàǹbẹ̀ ìbò rí, kó tó di pé ojú là.

Mo mọ̀ pé wàá dárúkọ Ambrose Campbell fún mi. Ọmọ Èkó ni. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlù jáde sí Piccadilly lọ́jọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún 1945, nígbà tí ogun Jámánì parí, èrò sì wọ́ tẹ̀lé wọn. Àwọn wọ̀nyẹn mọ ìlù lù. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwọ àti wọn ò ju ìyẹn lọ. Oṣù keje náà ni ìbò gbogbogbòò tọdún yẹn bọ́ sí, ọjọ́ karùn-ún, wọ́n sì fi àpótí pamọ́ títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n kí ìbò àwọn sójà tó wà lókè òkun lè dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìka ìbò! Ìwọ tí o ò lè fi omi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Omi yẹn gan-an ló kàn. Adágún tí mò ń wí kì í ṣe odò. Ihò ni wọ́n gbẹ́ sínú ọgbà àdúgbò, wọ́n tẹ́ rọ́bà dúdú sí i, wọ́n gbin ewéko inú omi, ọ̀pọ̀lọ́ sì wá fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n kíyè sí i pé omi ń lọ sílẹ̀. Ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan, tó ti ń tọ́jú ọgbà náà kí o tó kó dé àdúgbò, á ní kí o fi í sílẹ̀, kí o sàmì sí etí rẹ̀, kí o máa wò ó. Bó bá jẹ́ ooru ló ń fà á, ó lè fi sẹ́ǹtímítà mélòó kan dín láàrin ọ̀sẹ̀ kan láìsí pé ihò wà níbì kankan. Bó bá jẹ́ rọ́bà ló lu, omi á máa lọ sílẹ̀ títí á fi dúró. Ibi tó bá dúró sí, etí omi yẹn yíká ni kí o ti wá ihò náà. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ yìí, nítorí náà kọ̀ ọ́. Dá a lóhùn pé, “Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi, iṣẹ́ ọkùnrin nìyí.” Kí o wá fa họ́ọ̀sì.

Omi ẹ̀rọ ni kí o máa dà sí i, lárààárọ̀ àti lálaalẹ́. Omi òjò wà nínú àgbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé irinṣẹ́, ṣùgbọ́n omi òjò kò ní oúnjẹ ọbẹ̀dò nínú tó bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ ní i dáadáa. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wàá ní omi aláwọ̀ ewé tí o ò lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, ihò inú rọ́bà á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àlàáfíà.

Nígbà náà ni kí o gbọ́n gbogbo omi náà dànù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń dúró di ìgbà tí ewé ń wọ́, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá inú omi ti jáde. Ní àsìkò yìí lọ́dún, ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ́ ìrù lásán láìpẹ́ yìí ti ń hu ẹsẹ̀, àwọn tó ti pé nínú wọn sì ń gun etí adágún jáde sínú koríko, wọn ò tóbi ju èékánná lọ. Àsìkò yẹn ni kí o wọ bàtà rọ́bà ńlá, kí o máa rìn káàkiri inú koríko, kí o máa pàṣẹ. Ewéko tí o bá fà jáde, má fi í sílẹ̀ létí omi mọ́jú. Àwọn tí ò ríṣẹ́ ṣe ló ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí kòkòrò inú rẹ̀ lè rá padà sómi. Ìwọ dì í sínú ọ̀rá, kí o gbé e fún akólẹ̀.

O lè bá ẹ̀dá kan pàdé nínú ẹrọ̀fọ̀ tí ìrísí rẹ̀ dà bí alángbá. Newt ni wọ́n ń pè é, oríṣi mẹ́ta ló sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Britain. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tí akọ rẹ̀ máa ń yọ ogbe lẹ́yìn nígbà tó bá ń wá aya, òfin 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ ló ń ṣọ́ ọ. Kí ènìyàn pa á, kó mọ̀ọ́mọ̀ mú un, tàbí kó ba ibùgbé rẹ̀ jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì lè kan ẹ̀wọ̀n. Gbé e sínú garawa. Ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò, kí o kọ orúkọ rẹ àti aago tí o mú un sí ìsàlẹ̀. Ilé ẹjọ́ fẹ́ràn ẹni tó bá kó ẹ̀rí wá fúnra rẹ̀.

Bí o bá ní rọ́bà tuntun lo fẹ́ rà, má ka jíjìn mọ́ ọn. Ká ní adágún náà gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, ó sì jìn ní sẹ́ǹtímítà 60. Ọlọ́gbọ́n á fi ìlọ́po méjì jíjìn rẹ̀ kún gígùn, á fi kún ìbú, á tún fi sẹ́ǹtímítà 30 lé etí kọ̀ọ̀kan, á wá ra rọ́bà mítà 4.8 sí 3.8. Ìwọ ra 3 sí 2, torí ohun tí ojú rẹ rí nìyẹn. Rọ́bà náà á bo ojú ihò rẹ́gí. Kò kàn ní lè wọ inú rẹ̀ ni.

Bó sì jẹ́ lílẹ̀ lo fẹ́ lẹ̀ ẹ́, o ti rí bí fọgánáísà ṣe ń ṣe tíúbù táyà lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn. Á nu ibẹ̀, á jẹ́ kó gbẹ, á họ ọ́ kí gọ́ọ̀mù lè rí ibi dì mú, kó tó wá fi àlẹ̀mọ́ lé e. Rọ́bà adágún ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ti pẹ́ jù fún ọ. Ìwọ lẹ̀ ẹ́ bó ṣe tutù, pẹ̀lú sẹ́lótéèpù tó ṣẹ́kù láti ọdún Kérésì. Tí kò bá mú, po sìmẹ́ǹtì lé e. Ẹfun tó wà nínú sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń jò sínú omi, ẹja kì í sì í yè é.

Ẹja wo? Ọmọ Yorùbá kì í rí omi tó dúró kó má rí ẹja àrọ̀ nínú rẹ̀ lójú ìran. Gbà fún ọkàn rẹ. Bí o ò bá tiẹ̀ rí ju àwọn ẹja pupa kéékèèké tí wọ́n ń tà fún ọmọdé, dà wọ́n sí i. Wọ́n á jẹ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí bàtà rẹ ò bá pa. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ẹyẹ apẹja ọlọ́rùn gígùn kan á bà sí etí omi, á jẹ ẹja. Gángan tí alùlù fi sílẹ̀ nínú ilé irinṣẹ́, òun náà ni kí o gbé síta, kó wà lórí koríko tútù mọ́jú. Awọ tó bá ti mu omi yó, kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìbò ló kù. Ní ọjọ́ Ajé, gba ìwé ìpolongo lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ fún ọ ní tíì, kí o sì rí i dájú pé ìwọ àti olùdíje ya fọ́tò tó máa jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí máa ń mú ṣíbí onígi pẹlẹbẹ dání, òun ni wọ́n fi ń ti ìwé wọ ihò lẹ́tà, torí ajá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kò dá ìka mọ̀ yàtọ̀ sí sọ́séèjì. Ìwọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. (Má ronú kan omorogùn ilé rẹ. Kò wọ ihò náà, mo ti rí ẹni tó gbìyànjú rẹ̀.) Bí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé wọn ò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, tẹ tìrẹ jáde. Òfin ní kí orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó gbé e jáde hàn lára rẹ̀. Ìwọ kọ “Ti Olúwa ni ògo” síbẹ̀.

Bí wọ́n bá rán ọ lọ kan ilẹ̀kùn, iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ ni pé kí o mọ ẹni tó máa dìbò fún yín, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o kọjá, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa rán létí lọ́jọ́ ìbò. Wọn ò ní kí o lọ yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Àmọ́ o ti rí bàbá kan tó lẹ ìwé ẹgbẹ́ kejì mọ́ fèrèsé. Dúró tì í. Bá a jiyàn, bá a dé orí ogun, owó epo, àti ohun tí òyìnbó ṣe ní 1914. Bàbá náà á máa bi ọ́ ní ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á tiẹ̀ ní kí o wọlé. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Wákàtí kan tó gbà lọ́wọ́ rẹ, gbogbo òpópónà kan ni o ò ní dé mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ́n ilé á sọ sí ọ lọ́kàn. Ṣebí o ti gbọ́ “dìbò kí o se ọbẹ̀” ní Èkìtì àti Ọ̀ṣun, kí ló dé tí ìlú Ọba ò fi ní jẹ nínú rẹ̀? Se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kó o sínú kúlà, lẹ fọ́tò olùdíje mọ́ ìdérí. Fífún olùdìbò ní oúnjẹ tàbí ohun mímu láti fi ra ọkàn rẹ̀, ìwà ìbàjẹ́ ni lábẹ́ òfin ìbò Britain, ẹni tó sì mọ ìdí rẹ̀ tó tún jẹ ẹ́, òun náà jẹ̀bi. Tíì àti bisikíìtì lásán níbi ìpàdé kì í di ẹjọ́. Kúlà mẹ́ta pẹ̀lú pọ̀nmọ́ ló máa ṣòro láti pè ní ìpápánu níwájú adájọ́.

Má tíì sinmi, iṣẹ́ akọ̀wé ibùdó ìdìbò náà wà, káńsù sì ń sanwó rẹ̀. Wọn kì í gba ẹni tó ń bá olùdíje ṣiṣẹ́ nínú ìbò kan náà, nítorí náà pa ẹnu mọ́. Ibùdó máa ń ṣí ní aago méje àárọ̀, á tì ní mẹ́wàá alẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń débẹ̀ ṣáájú méje, wọn ò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ dání. Ìwọ má gbé nǹkan kan, o ti ṣètò láti sá lọ wo adágún lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n o ò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá ibùdó náà gba ìwé kan nínú ihò lẹ́tà ilé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ojú rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, o dúró ti olùdíje, o ń yọ eyín.

Bí wọ́n bá lé ọ, tò sórí ìlà bí olùdìbò. Láti 2023 ni wọ́n ti ń bèèrè ìwé ìdánimọ̀ ní England. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà dára, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ Britain dára, kódà bí ọjọ́ tó wà lára wọn bá ti kọjá, bí fọ́tò ibẹ̀ bá ṣì jọ ọ́. Káàdì bọ́ọ̀sì àgbàlagbà dára, ti ọ̀dọ́ kò dára. (Èmi ò rí ọgbọ́n tó wà nídìí ìyẹn, ó sì jọ mí pé ẹni tó kọ ọ́ ti dàgbà.) Ìwọ mú káàdì INEC dání, èyí tí o fi odidi ọjọ́ tò fún ní Ìkejà.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí wọ́n bá fún ní ìwé ìdìbò, kọ́ ọ pé kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí olùdíje lè mọ ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tó bá fi olùdìbò hàn, wọn kì í kà á, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń jù ú sí. Bó bá sì ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á pa àmì pẹ́ńsùlù rẹ̀ rẹ́, kó mú bírò tirẹ̀ wá, òfin kò kọ̀ ọ́. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tó dára nínú ìlànà yìí nìyẹn, ó ṣèèṣì bọ́ ni.

Lóru ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Labour gba ìjókòó 411 nínú 650, Conservative 121, Liberal Democrats 72. Nínú olùdìbò mẹ́wàá tó forúkọ sílẹ̀, nǹkan bíi mẹ́rin ni kò jáde. Ìwọ ò sí nínú àwọn tó jáde, o ò sí nínú àwọn tí kò jáde, torí nígbà tí akọ̀wé wá orúkọ rẹ nínú ìwé, kò bá a níbẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Britain lọ́nà tó bófin mu, tó sì ti pé ọdún 18, lè dìbò sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀, nítorí Nàìjíríà wà nínú Commonwealth. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Fún ìbò 2024, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹfà ni ìforúkọsílẹ̀ parí, ní ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí ìwọ ṣì ń jiyàn lórí aṣọ àwọn akọrin. Ọ̀fẹ́ ni, orí fóònù lèèyàn ti lè ṣe é, kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òmùgọ̀ tí ẹ sì kà á dé ibí, ẹ lọ ṣe tiyín lónìí.